Òǹtẹ̀wé Tó Sọ Róla Di Búrọ́ọ̀ṣì

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, ìwé pélébé aláwọ̀ píǹkì kan jáde ní Groningen, ní àríwá ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Orúkọ ìlú mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: Groningen, Berlin, Moscow, Paris. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Ìlú tí àwọn àgbẹ̀ ń kó ọkà wá tà ló ṣíwájú, olú-ìlú mẹ́ta tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ń wárí fún ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹni tó tẹ ìwé náà kì í ṣe ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ tí ojú ń dán. Ẹni ọdún 41 ni. Ó ti sin ìyàwó kan, ó ti fẹ́ òmíràn, ó ní ọmọ nílẹ̀ tí yóò bọ́, gbèsè sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ìtẹ̀wé tó fi ọdún 15 kó jọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Hendrik Nicolaas Werkman lorúkọ rẹ̀.

Láàárín Ogun Àgbáyé méjèèjì, àwọn tó ń fi rúlà àti kọ́ńpáàsì ya álífábẹ́ẹ̀tì tuntun pọ̀ ní Yúróòpù. Theo van Doesburg ya tirẹ̀ ní 1919, gbogbo lẹ́tà náà ló há sínú igun mẹ́rin. Ní 1925, Herbert Bayer ní ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Jámánì fi ìlà gbọọrọ àti òbírí ya èyí tó ń jẹ́ Universal, kò sì fi lẹ́tà ńlá sí i rárá. Kurt Schwitters gbé tirẹ̀ jáde ní 1927. Werkman mọ iṣẹ́ wọn. Òun àti díẹ̀ nínú wọn tilẹ̀ ń kọ̀wé síra. Síbẹ̀, kò ya álífábẹ́ẹ̀tì kankan tí ilé iṣẹ́ yóò rọ fún títà. Ògbólógbòó lẹ́tà tó kù sí i lọ́wọ́ ló lò. Ohun tó yí padà ni bí lẹ́tà, yíǹkì àti bébà ṣe ń pàdé ara wọn, ìyípadà náà sì jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di rúlà mú.

Abúlé Leens ní ìgbèríko Groningen ni wọ́n bí Werkman sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1882. Dókítà ẹran ni bàbá rẹ̀. Bàbá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ìyá kó àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì wá ń gbé ní ìgboro Groningen. Ọmọ náà ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn, kó tó di pé ní 1908 ó dá ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ròkè. Nígbà tí iṣẹ́ náà búrẹ́kẹ́, òṣìṣẹ́ bí 20 ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń rìn láàárín àwọn oníṣòwò ìlú bí ẹgbẹ́ wọn.

Ẹgbẹ́ mìíràn tún wà tó ń fà á lọ́kàn. Ní 1918 àwọn ayàwòrán ìlú náà dá De Ploeg sílẹ̀, Werkman sì bá wọn ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Jan Wiegers, lọ gba ìtọ́jú ní Davos ní Switzerland ní 1920. Níbẹ̀ ló ti bá Ernst Ludwig Kirchner, ayàwòrán ará Jámánì, pàdé. Nígbà tó padà délé, àwọ̀ gbígbóná àti ìlà wíwúwo tó rí lọ́wọ́ Kirchner ló bá a wọlé, kò sì pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi gbà á bí àṣà. Werkman ló ń tẹ pósítà wọn, òun ló ń tẹ ìwé ìpè sí ìpàtẹ àti ìwé àkójọ àwòrán. Ó ń kun àwòrán pẹ̀lú ọ̀dà òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ rìsíìtì àwọn oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, iṣẹ́ méjèèjì ò sì tíì ríra.

Àìríṣẹ́ ló mú wọn pàdé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, owó ò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, gbèsè lé gbèsè, nígbà tó sì di 1923, ilé ìtẹ̀wé ńlá náà kógbá sílé. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọ̀gá kò ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́fà àtijọ́ kan, àpótí lẹ́tà díẹ̀ àti róla. Ó kó wọn lọ sí òkè àjà ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté Lage der A, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù. Kò sí òṣìṣẹ́ 20 mọ́ tí yóò sanwó fún lópin oṣù. Oníbàárà tó ń gun àkàsọ̀ dé òkè àjà náà ò pọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 15, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ẹ̀rọ sì wà níwájú rẹ̀.

Kí a tó lóye ohun tó ṣe níbẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí àwọn òǹtẹ̀wé ìgbà náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà òjé á dojú sókè lórí tábìlì irin. Wọ́n á fi róla pa yíǹkì sí i lójú, wọ́n á tẹ́ bébà lé e, pẹpẹ irin á sì ti òkè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ ga dọ́gba, nítorí èyí tó bá ga ju èkejì lọ yóò lu bébà, èyí tó bá sì kúrú kò ní hàn. Kọ́ńpósítọ̀, ẹni tó ń to lẹ́tà, máa ń fi òjé kúkúrú àti pẹlẹbẹ igi dí gbogbo àlàfo àárín ọ̀rọ̀ àti ìlà, á wá fi férémù irin há wọn pinpin kí ohunkóhun má yẹ̀. Àwọn òjé àti igi tó ń dí àlàfo yìí ò gbọ́dọ̀ fara hàn lórí bébà láéláé. Tí òǹtẹ̀wé bá tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, ẹ̀dà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ jọ èyí tó ṣíwájú. Bí yíǹkì bá ṣú níbì kan tó sì ràn níbòmíràn, àbùkù ọ̀gá ni.

Fún pósítà, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ lẹ́tà, torí òjé tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ á wúwo, á sì wọ́n. Láti ìgbà tí Darius Wells ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ gé irú lẹ́tà onígi bẹ́ẹ̀ ní New York ní nǹkan bí 1828, wọ́n ti gba gbogbo ilé ìtẹ̀wé. Àmọ́ igi kì í ṣe irin. Bó bá pẹ́, á sán, etí rẹ̀ á jẹ, yíǹkì ọdúnmọ́dún á mù wọ inú rẹ̀, àpá rẹ̀ á sì máa hàn lórí bébà.

Werkman da ètò yìí dojú dé. Bébà ló tẹ́ sórí tábìlì ẹ̀rọ, tó kọjú sókè. Lẹ́yìn náà ló wá mú lẹ́tà onígi tó ti pa yíǹkì sí, ó dojú rẹ̀ bo bébà láti òkè, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí lẹ́tà bá wà nísàlẹ̀, férémù ló ń pàṣẹ fún un: ó gbọ́dọ̀ dúró ní ìlà, kó sì fara mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá ti òkè wá, ọwọ́ òǹtẹ̀wé ló ń darí rẹ̀. Ó lè dagun, ó lè dorí kodò, ó lè gun èyí tó ti wà nílẹ̀ lórí. Werkman ń rí ojú bébà bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pinnu ibi tí èyí tó kàn yóò bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán tó dúró níwájú kánfáàsì.

Yíǹkì náà gba òmìnira. Werkman lè pa á sí lẹ́tà kí ó ṣú dúdú, kó wá fi lẹ́tà yẹn kan náà tẹ bébà lẹ́ẹ̀kejì láìpa òmíràn sí i, kí èkejì lè rí fẹ́lẹ́ bí òjìji èkíní. Ibi tí igi ti sán, ó fi í sílẹ̀ kó hàn. Ibi tí yíǹkì ti pọ̀ jù tó sì yọ létí, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ohun èlò tí kọ́ńpósítọ̀ ń fi pamọ́, òjé àlàfo, pẹlẹbẹ igi, irin ìlà, ló ń gbé síwájú báyìí. O ńlá di òṣùpá tàbí ojú ènìyàn. H àti E di ilé alájà. Kódà, ó tú àgádágodo ara ilẹ̀kùn, ó pa yíǹkì sí irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀ àkọ́kọ́.

The Next Call ló sọ ìwé náà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà mẹ́sàn-án ló jáde láàárín 1923 sí 1926, nǹkan bí 40 péré ló sì ń tẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun ló ń to lẹ́tà, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló tún ń pín in. Ọ̀rọ̀ náà máa ń kúrú, á ṣe ranpẹ́, á sì ṣe bí ẹni ń ṣe àwàdà. Agbára ìwé náà wà nínú ojú ewé. Nígbà tí Lenin kú ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1924, Werkman ya ẹ̀dà kẹrin sọ́tọ̀ fún ikú rẹ̀. Kò lo fọ́tò, kò sì ya àwòrán kankan. Lẹ́tà M àti O ńláńlá ló tò, títí tí ẹni tó ń wò ó fi ń rí ọmọ ogun tó ń ṣọ́ pósí.

Kò tà á. Ńṣe ló ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ òkèèrè, àwọn náà á sì fi ìwé tiwọn ránṣẹ́ sí i. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Van Doesburg, ti Schwitters àti ti El Lissitzky ará Rọ́ṣíà fi dé òkè àjà ìlú ọlọ́kà yẹn. Michel Seuphor, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí wọ́n jọ ń kọ̀wé síra, gba lára iṣẹ́ Werkman, ó sì gbé àwòrán rẹ̀ kan sí ìpàtẹ ní Paris. Orúkọ ìlú mẹ́rin tó wà lórí ìwé píǹkì ọjọ́sí ti di òótọ́ díẹ̀ nìyẹn: lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Groningen tó ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá ò kọbi ara sí ohun tó ń ṣe.

Ó tún fi tàípúráítà ṣeré. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó ń fi ẹ̀rọ náà lu lẹ́tà, àmì ìdánudúró àti ìlà léra lórí, ó ń yí bébà lọ yí i bọ̀ nínú ẹ̀rọ, títí tí ohun tó wà lójú ewé yóò fi di àwòrán tí a ò lè kà. Èyí tó ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń pè ní druksel, tiksel ni èyí tó ń lù lórí tàípúráítà.

Ní 1929 ó rin ìrìn àjò lọ sí Cologne àti Paris. Lẹ́yìn tó padà dé, ó gbé ìgbésẹ̀ tó jìnnà jù lọ. Títí di ìgbà náà, ohun èlò lásán ni róla jẹ́: ó ń gbé yíǹkì láti orí pẹpẹ lọ sí ojú lẹ́tà, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Werkman gbé róla náà lé bébà tààrà. Ó yí i gbọọrọ, ó fa ìlà fífẹ̀. Ó fi etí rẹ̀ nìkan kan bébà, ó rí ìlà tín-ín-rín. Ó dá a dúró láàárín ọ̀nà, àpá rẹ̀ sì hàn. Yíǹkì ìtẹ̀wé tí wọ́n ṣe láti jẹ́ dúdú kan náà láti ewé dé ewé wá ń ṣú, ó ń ràn, ó ń ṣàn sínú àwọ̀ mìíràn bí ọ̀dà. Lórí àwọn àwọ̀ wọ̀nyí ló wá ń fi lẹ́tà onígi lu òǹtẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà kan lè lọ sábẹ́ ẹ̀rọ kó sì padà jáde lọ́pọ̀ ìgbà kó tó gbà pé ó tó.

Láàárín àwọn ọdún 1930 ló fi páálí kún un. Á gé ìrísí ènìyàn, ẹyẹ tàbí igi sí páálí, á gbé e lé bébà, á sì fi róla gba ojú ihò náà kọjá. Ẹni tó bá ti rí àwọn ọkùnrin aládìrẹ Abẹ́òkúta tí wọ́n ń gé àrà sí páànù pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń gba ojú rẹ̀ fi ẹ̀kọ kun aṣọ, mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Níbi tí aládìrẹ ti ń fẹ́ kí àrà kan náà máa tún ara rẹ̀ ṣe jákèjádò aṣọ, Werkman ń yí páálí rẹ̀ padà nígbà gbogbo: ó dojú rẹ̀ dé, ó fi apá kan rẹ̀ nìkan tẹ̀, ó lo ihò rẹ̀ lónìí, ó lo ègé tó gé kúrò nínú ihò náà lọ́la.

Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Nẹ́dálándì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940. Láàárín ọdún yẹn náà ni Werkman, pásítọ̀ August Henkels àti àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kéékèèké ní bòókẹ́lẹ́. De Blauwe Schuit ni wọ́n pe ilé ìtẹ̀wé abẹ́lẹ̀ náà. Ìwé 40 ni wọ́n gbé jáde, Werkman ló sì to lẹ́tà, tó sì ṣe àwòrán gbogbo wọn. Ewì Martinus Nijhoff kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó dá lórí ọdún 1572. Ọmọ Nẹ́dálándì tó bá rí nọ́ńbà yẹn kò nílò àlàyé: ọdún tí ọ̀tẹ̀ àwọn bàbá ńlá wọn sí ìjọba Spéènì ràn ká ilẹ̀ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í dárúkọ Hitler. Orin Dáfídì, ewì àtijọ́, ìtàn àwọn ẹni mímọ́, èyí ni wọ́n ń tẹ̀, àwọn tó ń kà á sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí.

Nínú gbogbo rẹ̀, àwòrán ìtàn àwọn Júù ẹlẹ́sìn Hásídì ló ga jù. Henkels ló fún un ní ìwé tí Martin Buber kọ nípa Baal Shem Tov, olùkọ́ àwọn Hásídì ní ìlà-oòrùn Yúróòpù. Láti inú rẹ̀ ni Werkman ti ṣe àwòrán 10 ní 1942, ó sì ṣe 10 mìíràn ní 1943. Róla àti páálí ló fi ṣe wọn: ènìyàn gíga tó dá dúró láàárín àwọ̀ búlúù àti yẹ́lò, ọwọ́ tó nà sókè, ilé tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ jáde. Ní oṣù Keje ọdún 1942, kí gbogbo rẹ̀ tó parí, ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn Júù ilẹ̀ náà láti àgọ́ Westerbork, ní ìpínlẹ̀ tó bá Groningen pààlà, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n. Àwọn tó gba àgọ́ yẹn lọ lé ní 100,000. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó láti fi ẹ̀sìn àti ayọ̀ àwọn Júù ṣe àwòrán aláwọ̀ mèremère ti mọ ibi tó dúró sí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1945, àwọn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Jámánì wá mú Werkman. Wọ́n mú Henkels náà. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ Werkman lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, wọ́n kó òun àti ẹlẹ́wọ̀n mẹ́sàn-án mìíràn lọ sínú igbó lẹ́bàá Bakkeveen, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Kánádà dé Groningen. Wọ́n jà títí di ọjọ́ 16, àárín ìlú sì gbiná. Ilé Scholtenhuis, tí àwọn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ fi ṣe ibùjókòó, jóná, iná náà sì run àwọn àwòrán tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ má parun pẹ̀lú iná ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́. Willem Sandberg wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1943, Sandberg lọ́wọ́ nínú ìkọlù sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ aráàlú ní Amsterdam, kí àwọn ará Jámánì má baà fi ìwé ibẹ̀ ṣọdẹ àwọn Júù. Ó sá pamọ́ lẹ́yìn náà. Níbi tó sá sí, ó ń fi ọwọ́ ṣe ìwé pélébé tó pè ní experimenta typographica: ó ń ya bébà ní lẹ́tà láìlo ọ̀bẹ, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé, ó sì ń kun ún. Nígbà tí ogun parí, òun ló di ọ̀gá Stedelijk, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìlú Amsterdam, títí di 1962. Kí ọdún 1945 tó parí, ó ti pàtẹ iṣẹ́ Werkman níbẹ̀. Ìwé àkójọ àwòrán tí Sandberg ń ṣe fún Stedelijk fi bébà ìdìpọ̀ aláwọ̀ búráùn àti lẹ́tà tí etí rẹ̀ ya kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà Yúróòpù pé lẹ́tà tí ọwọ́ ya lè wà lórí ìwé ilé iṣẹ́ ìjọba láìtijú.

Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ kan ń jẹ́ orúkọ Werkman ní Groningen, iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀ sì wà ní Groninger Museum, tó ṣe ìpàtẹ ńlá fún un ní 2015, nígbà tí ikú rẹ̀ pé 70 ọdún. Àwọn oníṣọ̀nà lẹ́tà ṣì ń gba ọ̀nà tó là. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì, kàn-ìn-kàn-ìn tàbí igi tó sán tẹ álífábẹ́ẹ̀tì sórí bébà, wọ́n á fi ẹ̀rọ ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di fọ́ńtì orí kọ̀ǹpútà. Wàhálà wọn ni pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní a mẹ́ta, àpá yíǹkì kan náà á hàn lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àṣírí á sì tú pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

OpenType, ètò fọ́ńtì tí Microsoft àti Adobe kéde ní 1996, ló fún wọn ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i: wọ́n ń fi ojú méjì tàbí mẹ́ta sínú fọ́ńtì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà máa gbà wọ́n lò lẹ́sẹẹsẹ. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ń gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa. Werkman ò ní ju O onígi kan lọ nígbà mìíràn, bó sì ṣe ń gbé yíǹkì sí i tó, tàbí tí kò gbé e sí i mọ́, O náà ń yọ ojú tuntun lórí bébà kan ṣoṣo, lọ́pọ̀ ìgbà tí ó bá wù ú láti tẹ̀ ẹ́.